Ẹni tí kò ra bàtà fún ọmọ, kó má bú u pé ó gbẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, bí mo bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀, àwọn kan nínú yín á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá orí yìnyín ni. Mo mọ̀ pé ooru ń mú yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, iná ò sí, fáànù ò yí, ẹ lè máa bi mí pé kí ló pa èmi àti yìnyín pọ̀. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ, owó tẹ́tẹ́ tó ń jáde lápò ọ̀pọ̀ èèyàn láràárọ̀ sì wà nínú ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù nílùú PyeongChang, ní Kòríà ti Gúúsù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà máa lọ síbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Obìnrin mẹ́rin ló gbé orúkọ wa lọ: Seun Adigun, Ngozi Onwumere, Akuoma Omeoga àti Simidele Adeagbo. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ fún bobsled, Simidele ní tiẹ̀ lọ fún skeleton.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bobsled yìí, ọkọ̀ kékeré kan ni, ó rí gọ́ọ́rọ́gọ́ bí ọta ìbọn, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní táyà. Irin tó ń yọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ wà á á kọ́kọ́ fi gbogbo agbára tì í, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé e, ìgbà tó bá ń sáré dáadáa ni wọ́n á tó fò wọ inú ẹ̀, ó di kòtò yìnyín tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ wálẹ̀ látorí òkè. Eré tó ń sá a máa ju 120 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ. Skeleton tiẹ̀ tún wá léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan pẹlẹbẹ kan báyìí ni wọ́n ń dojú bolẹ̀ lé lórí, orí ló ń ṣíwájú, ẹsẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bírékì kankan ò sí níbẹ̀ o.

Báwo lọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ṣe wá parí sí lọ́hùn-ún? Ọkọ̀ 20 ló díje nínú bobsled àwọn obìnrin, ti Seun àti Akuoma ló ṣe ìkogún. Obìnrin 20 ló díje nínú skeleton, Simidele ló ṣe ìkogún. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó tó rẹ́rìn-ín, kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ lé eré sísá, orúkọ Seun Adigun ò ní ṣàjèjì sí yín. Ó wà lára àwọn tó ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London lọ́dún 2012, eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ló sá. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀. Lẹ́yìn tó fi eré sísá sílẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bobsled ti Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìgbà tó yá, ó lóun máa dá ti Nàìjíríà sílẹ̀. Ó pe Ngozi àti Akuoma, sárésáré làwọn náà.

Ọkọ̀ dà? Kò sí. Ọkọ̀ bobsled tuntun kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Obìnrin yìí ò jókòó kó máa sunkún. Ó wá pákó, ó wá ìṣó, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ kan ọkọ̀ onípákó kan nínú gáréèjì ní Houston, kí wọ́n lè máa rí nǹkan tì kiri lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ó pè é ní "Maeflower". Lẹ́yìn náà, ní 2016, wọ́n bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé igbá owó kalẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lójú àánú kó bá àwọn dá 75,000 dọ́là: owó akoto, owó aṣọ, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ibi tí wọ́n á sùn. Àwọn èèyàn dá owó náà. Ìgbà tí òkìkí wọn wá kàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Visa àti Under Armour dé. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan ò kópa nínú bobsled ní Òlíḿpíìkì rí kó tó kan àwọn ọmọ wa yìí.

Simidele ńkọ́? Òun náà ti fo ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta rí ní yunifásítì Kentucky. Iṣẹ́ ló ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ ní Johannesburg. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan skeleton, oṣù kejì ọdún 2018 ló wà ní Òlíḿpíìkì. Ẹ kà á lórí ìka yín, kò ju oṣù márùn-ún lọ. Ẹni ọdún 36 ni nígbà náà. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó díje nínú skeleton ní Òlíḿpíìkì.

Ó dáa. Ẹ wáá fi èyí sápá kan, kí n sọ ti ẹni tó gba góòlù nínú ìdíje skeleton ọjọ́ náà gan-an fún yín, ìyẹn èyí tí Simidele ti ṣe ìkogún. Lizzy Yarnold lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìlú Ọba ni. Ẹnì kejì ẹ̀ láti Ìlú Ọba, Laura Deas, ló gba idẹ. Tọkùnrin tún wà níbẹ̀, Dom Parsons, òun náà gba idẹ. Ẹ ó ní, "Ṣebí òyìnbó ni wọ́n, inú yìnyín ni wọ́n bí wọn sí." Irọ́ ni o! Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. Kòtò yìnyín tí wọ́n ti ń sá skeleton, ẹyọ kan ṣoṣo ò sí ní gbogbo Ìlú Ọba. Ohun tí wọ́n ní ò ju ojú irin kan tó dà gẹ̀rẹ́ ní yunifásítì Bath, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré tì í àti bí wọ́n ṣe ń fò lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ sá eré gidi, àfi kí wọ́n wọ bàlúù lọ sí Jámánì, Ọ́síríà tàbí Kánádà. Bí àwa náà ò ṣe ní, làwọn náà ò ní.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n kó bọ̀. Alex Coomber gba idẹ ní 2002. Shelley Rudman gba fàdákà ní 2006. Amy Williams gba góòlù ní 2010. Lizzy Yarnold gba góòlù ní 2014, ó tún gbà á ní 2018. Ìdíje Òlíḿpíìkì márùn-ún tẹ̀ léra, wọn ò lọ kí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ òfo rí. Ta ló wá ń gbé yìnyín fún wọn? Owó ni! Owó tẹ́tẹ́!

Ìtàn ẹ̀ rèé. Ní Òlíḿpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, góòlù kan ṣoṣo ni gbogbo Ìlú Ọba rí gbà, ipò 36 ni wọ́n wà. Ojú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá lọ́tìrì ìjọba sílẹ̀ ní 1994, òfin ẹ̀ sì ni pé nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, apá kan gbọ́dọ̀ lọ síbi ohun tó máa ṣe ìlú láǹfààní. Láti 1997, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó yìí fún àwọn eléré ìdárayá, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ UK Sport sílẹ̀ tí yóò máa pín in. Ọ̀nà méjì lowó ọ̀hún ń gbà. Ọ̀nà kìíní, ó ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó eré kọ̀ọ̀kan: owó kóòṣì, owó dókítà, owó ọkọ̀, owó ìrìnnà. Ọ̀nà kejì, ó ń lọ sápò eléré fúnra ẹ̀, kó lè jẹun, kó lè sanwó ilé, kó má di pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ kó tó wá lọ gbára dì lálẹ́. Nígbà tó fi máa di London 2012, góòlù 29 ni wọ́n gbà, ipò kẹta ni wọ́n wà lágbàáyé.

Nínú skeleton, wọ́n tún lo ọgbọ́n kan. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ eré ló máa tì í dáadáa. Ní 2008, wọ́n kéde fáwọn ọ̀dọ́bìnrin pé ẹni tó bá ń ṣe eré ìdárayá kankan kó wá, àwọn fẹ́ dán wọn wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Lizzy Yarnold. Kò mọ skeleton lójú rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n gbé e káàkiri, nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ló gba góòlù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lizzy ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nínú ètò kó tó dé PyeongChang, Simidele lo oṣù márùn-ún. Ti Lizzy, ìlú ló ń náwó. Ti àwọn tiwa, igbá ni wọ́n gbé. Orí yìnyín kan náà ni wọ́n jọ wà lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ò kúrú o, wọn ò sì yọ̀lẹ. Ìyá alákàrà tó fọwọ́ lọ ẹ̀wà ò lè ta ṣíwájú èyí tó ní ẹ̀rọ. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé wọ́n tiẹ̀ dé ìsàlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ò sọ pé gbogbo ohun tí òyìnbó ṣe ló dáa o. Ìkà wà nínú ètò wọn. Òfin tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn ni pé ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó lè gba àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń fún lówó, ẹni tí wọ́n rò pé kò lè gbà á, wọ́n á já a jù sílẹ̀. Ní 2017, oṣù díẹ̀ sí ìdíje PyeongChang, wọ́n dáwọ́ owó dúró fún ẹgbẹ́ bobsled àwọn obìnrin wọn. Kí ni awakọ̀ wọn, Mica McNeill, ṣe? Òun náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé igbá! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn ti dá 30,000 pọ́ùn fún un. Ó lọ, òun àti ẹnì kejì ẹ̀ sì gbé ipò kẹjọ, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí wọ́n ní kò lè ṣe é ló ṣe é. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé bí a bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, ká mú èyí tó dáa, ká fi ọ̀bẹ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Owó náà kì í sì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Nígbà ìdíje Beijing lọ́dún 2022, owó tí wọ́n ná sórí skeleton nìkan ju mílíọ̀nù mẹ́fà pọ́ùn lọ, wọn ò sì mú idẹ lásán bọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn wọn bú wọn bí ẹni láyin. Matt Weston wà lára àwọn tó já kulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ni, wọ́n á ti lé e lọ sílé. Wọn ò lé e. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 2023, òun ló borí nínú ìdíje àgbáyé. Ohun tí ètò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ń ṣe nìyẹn: ó máa ń fara da ọjọ́ tí nǹkan ò bá ṣẹnuure.

Àwọn ará Norway ńkọ́? Àwọn ní yìnyín ní tiwọn lóòótọ́, wọ́n ní in yamùrá. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀ lọ, Èkó nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Góòlù 16 ni wọ́n gbà ní Beijing, orílẹ̀-èdè tó gbà jù wọ́n lọ ò sí níbẹ̀. Owó tẹ́tẹ́ làwọn náà ń lò: ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ìjọba wọn, Norsk Tipping, ló ń pín èrè fún àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá, títí dé àdúgbò kéékèèké. Àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀, wọn kì í tò wọ́n sí ipò kìíní àti ipò ìkogún. Wọ́n á ní kí wọ́n ṣeré ná, kí eré wọ̀ wọ́n lára, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Ó wá ku tiwa. Lẹ́yìn ọdún 2018, ìlù dún fún àwọn obìnrin mẹ́rin náà, àwọn èèyàn yà fọ́tò, ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀. Nígbà tí Beijing 2022 dé, bobsled Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Simidele ti kúrò ní skeleton, ó ti bọ́ sí bobsled ẹlẹ́nìkan, ṣùgbọ́n kò rọ́wọ́ mú láti wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé àsíá wa, Samuel Ikpefan, ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Faransé, tó ń fi skí sáré lórí yìnyín. Ilé tí wọ́n fi owó ìtọrẹ kọ́, bí owó ìtọrẹ bá tán, òjò ló máa pa á.

Àwọn kan á ní, "Ìwọ akọ̀wé, ebi ń pa wá, oògùn ò sí nílé ìwòsàn, ò ń sọ̀rọ̀ eré orí yìnyín." Mo gbọ́. Èmi náà ń ra gààrí lọ́jà. Ṣùgbọ́n owó tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe owó oògùn, kì í sì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́. Owó tó ti jáde lápò yín tẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo ìkóríta lé ti kún fún búkà tẹ́tẹ́, ẹni tí kò ta ti nọ́ńbà á ta ti bọ́ọ̀lù. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa ta tẹ́tẹ́ o, ọ̀pọ̀ ilé ló ti fọ́. Owó mẹ̀kúnnù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ní Ìlú Ọba pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká béèrè pé níbo ni owó mẹ̀kúnnù wọlé sí.

Òfin lọ́tìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2005 dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ní kí owó máa tibẹ̀ lọ síbi ohun tó máa ṣe ará ìlú láǹfààní, eré ìdárayá wà nínú ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ lọ́tìrì kì í ṣe ti Àbújá, ọdún 2008 ni wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́: àwọn ìpínlẹ̀ ló jàre, òfin 2005 náà ò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ láwọn ìpínlẹ̀. Ó ti parí. Owó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn gómìnà. Ẹni tó bá jà fún ẹran tó sì gbà á, a ò gbọ́dọ̀ tún máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ pé kò sí ọbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe. Èkíní, kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ pé iye báyìí nínú owó tó ń wọlé láti inú tẹ́tẹ́ ló gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn eléré ìdárayá, kí wọ́n sì máa gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́dọọdún, orúkọ ẹni tó gbà á àti iye tó gbà. Èkejì, kí owó náà máa ṣíwájú àmì-ẹ̀yẹ ni. Tiwa, àfi bí ọmọ bá ti borí ni wọ́n á gbé ilé àti mọ́tò fún un níwájú kámẹ́rà. Ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe, ọdún mẹ́rin ṣáájú ló ti ń sanwó oúnjẹ ọmọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya ìwọ̀nba díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, irú wọn ni Seun. A ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ kòtò yìnyín sí Epe. Ọkọ̀ ṣeé háyà lọ́hùn-ún, kóòṣì ṣeé sanwó fún, owó ìwọlé ìdíje kì í ṣe òkè. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò tó owó tí wọ́n ń ná sórí káńkẹ́rí ayẹyẹ ọjọ́ kan.

Bí wọn ò bá sì lè ṣe é, kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Kí wọ́n má kí ọmọ ọlọ́mọ káàbọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú pé "ọmọ wa ni". Kí àwa náà tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n má sì fi ẹni tó ṣe ìkogún ṣe yẹ̀yẹ́. Seun Adigun fi pákó kan ọkọ̀ fún Nàìjíríà nígbà tí Nàìjíríà ò tíì mọ̀ pé òun ń lọ síbì kan. Nínú èmi àtẹ̀yin àti ìjọba, ta ló ti ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún un?

Bí gómìnà ìpínlẹ̀ yín bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ béèrè owó tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ọmọ tó fi ra bàtà.